Àga Ilé Ìdáná àti Ọkọ̀ Olójú Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí àlòkù ọkọ̀ Òyìnbó ń ná ẹni tó rà á, kó má bi ẹni tó rà á. Irọ́ ni yóò pa, nítorí ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí. Kó má bi mẹkáníìkì náà, torí mẹkáníìkì ò tíì mọ iye tí òun máa pè àfi tó bá wo bàtà ẹsẹ̀ oníbàárà. Bàbá Èló-ni ni kó lọ bá.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin yìí ti dúró lẹ́yìn kántà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbẹ́ ihò sí pákó kántà náà débi pé bí òrùlé bá jò, ẹyẹ lè wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníbàárà kì í kí i. Bí wọ́n bá ti gbé irin dúdú kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, "Èló ni?" ni gbogbo wọn ń wí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe sọnù sáàárín wọn. Kì í wo ìwé. Yóò gbójú sókè bí ẹni ń rántí ará ilé tó ti kú, yóò sì pe iye owó irin náà: ti ojúlówó, ti ayédèrú, àti ti èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti dágbére fáyé. Wọ́n ní ó sùn lọ lọ́jọ́ kan níbi ìwàásù. Oníwàásù béèrè lóhùn òkè pé èló ni ẹ̀mí ọmọ èèyàn. Bàbá Èló-ni dáhùn lójú oorun pé, "Tuntun àbí àlòkù?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dẹ̀rín ni pé òun alára ò lọ́kọ̀. Ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ló fi kọ́ ọ, láti iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó níwèé ìwakọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ìwé náà kú sí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń rìn bọ̀. Àìlówó wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìmọ̀ ló dí i lọ́wọ́ jù. Bí ọkọ̀ dáradára bá ń kọjá, tí gbogbo èèyàn ń wo bó ṣe ń dán bí omi, iye owó ni tiẹ̀ máa ń rí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára káàkiri. Iná iwájú, owó oṣù kan. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, owó oṣù méjì. Gíábọ́ọ̀sì, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

"Rírà kọ́ ni iṣẹ́," ló máa ń wí fún ẹni tó bá wá gbàmọ̀ràn. "Owó tó o fi ra ọkọ̀, owó ẹnu ọ̀nà ni. Bó o bá wọlé jókòó tán ni wọ́n á tó sọ iye oúnjẹ fún ẹ."

Ó ní ohun mẹ́ta tó máa ń kọ́ wọn láti béèrè kí wọ́n tó béèrè iye ọkọ̀. Èkíní, kí ló kọ́kọ́ máa ń kú lára ẹ̀? Èkejì, àwọn mélòó ló ń ta nǹkan ọ̀hún? Torí bó bá ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, onítọ̀hún mọ̀ pé òun nìkan ni, á sì máa tà á bí ẹni ń ta èémí. Ẹ̀kẹta, ṣé ọwọ́ wọ ibẹ̀, àbí wọ́n á sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀? Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ń tà ní iye búrẹ́dì méjì tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni mẹkáníìkì máa fi tú ọkọ̀ kó tó fojú kàn án, owó ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún kì í sì í ṣe iye búrẹ́dì. Àwọn èèyàn á gbọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì kọrí tààrà síbi tí wọ́n ti máa rà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n á padà wá sídìí kántà. Wọ́n á ti rù.

Àmọ́ kò sí ọlọ́gbọ́n tí kò ní ibi tó ti ń gọ̀. Ọkọ̀ kan wà tó wọ Bàbá Èló-ni lójú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré, pẹlẹbẹ, tí iná iwájú rẹ̀ yọ síta rogodo bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tó gbọ́ ìròyìn burúkú. Olójú ọ̀pọ̀lọ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, kò rí iye owó kankan lára rẹ̀. Ìgbà tó délé ló tó rántí ṣírò. Ìṣirò náà dẹ́rù bà á. Ló bá dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn kántà nìkan ló lè dá irú ẹ̀. Ó ní bí òun ò bá lágbára láti ra ọkọ̀ kí òun tún máa tún un ṣe, òun á kọ́kọ́ ra àtúnṣe ná, kí òun tó ra ọkọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, á ra ohun kan fún ọkọ̀ tí kò ní, bí wọ́n ṣe máa ń kú tẹ̀ léra ló sì ṣe ń rà wọ́n. Pọ́ọ̀mpù omi ló kọ́kọ́ dé; ó jókòó lórí pẹpẹ ní yàrá àlejò, láàárín aago àti àwòrán ìgbéyàwó wọn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì ń fi aṣọ nù ún. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kílọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò nídìí àga ìjókòó. Iná iwájú méjèèjì ń gbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tó fi jẹ́ pé bí ìyàwó rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn láti mú búláúsì, ọ̀pọ̀lọ́ á ranjú mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ kì í bínú. Bí àlejò bá dé, á ní, "Ẹ jókòó sọ́tùn-ún díẹ̀, kẹ́ ẹ má jókòó lé kílọ́ọ̀ṣì." Bí wọ́n bá béèrè pé ṣé wọ́n ti ra ọkọ̀ ni, á ní, "A ti rà á. Ara ẹ̀ ló kù."

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, ọkọ rẹ̀ náà sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ní A, B, D. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kì í dúró. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń nu imú, ibẹ̀ ló ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ló ti ń so okùn bàtà. Bí wọ́n bá so gbogbo okùn bàtà tí obìnrin yìí ti so rí pọ̀ mọ́ra, wọ́n lè fi wé ayé lẹ́ẹ̀mejì kó sì ṣẹ́kù tí wọ́n á fi sá aṣọ. Àmọ́ ilẹ̀ kì í gba àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló gbà. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, orúnkún náà ti dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé àga dí lẹ́yìn: ó ń ṣí díẹ̀, kì í ṣí tán. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ayé rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Nínú ilé ìdáná ni àga onípákó kan wà, ó ga, ó le. Òun nìkan ni Tíṣà lè jókòó lé, kó sì dìde lórí ẹ̀ láìké sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ló ní láyé, obìnrin bíi tiẹ̀, tó ń gbé létí adágún odò kan ní ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ sí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á sì bú ara wọn dáadáa kí wọ́n tó pa á. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ojú mi ń pa dé láti ẹ̀gbẹ́," ló ní. "Bí mo bá wo aago, mo lè rí márùn-ún, n ò ní í rí mẹ́fà. Dókítà ní èyí tó bá ti lọ ò ní í padà. Ó ní kí ọdún tó yí, ó lè má ku nǹkan kan mọ́."

Tíṣà tẹ fóònù mọ́ etí gírígírí.

"Ṣé o ti kú ni? Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Tètè wá o. Mo fẹ́ mọ bó o ṣe burẹ́wà tó báyìí, kí n rí ohun tí n ó máa rántí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé orí itan, ó gbọ́wọ́ lé e bí ẹni di ẹyẹ mú kí ó má bàa fò lọ.

Bọ́ọ̀sì ò ṣeé wọ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ga tó tábìlì. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n gba takisí. Tíṣà ní òun ò fẹ́ takisí, òun wọ ọ̀kan nígbà kan, ó ń rùn. Bàbá Èló-ni, tí ara rẹ̀ ti ń rùn bí ọ́ìlì gíá láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbà á gbọ́. Ó wo pọ́ọ̀mpù lórí pẹpẹ. Ó ní, "Tíṣà, ó tó àsìkò. N ó rí ara rẹ̀ fún ẹ."

Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Etí. Ọ̀pá onígi kan ló fi ń ṣiṣẹ́: á fi orí kan kan ẹ́ńjìnnì, á fi orí kejì kan etí, á dijú, á sì sọ ibi tí àìsàn wà. Wọ́n ní ó gbọ́ ìjà tọkọtaya láti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn rí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ló já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, mo ti rí i. Olójú ọ̀pọ̀lọ́. Oníṣègùn eyín kan ló ni ín, inú ilé ló ń gbé e sí. Ó ń wẹ̀ ẹ́ ju ọmọ lọ."

Wọ́n jọ lọ ni. Oníṣègùn eyín náà kó àpò ìwé kan jáde, gbogbo ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì tó ti rìn. Bàbá Èló-ni ka ìwé yẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo bó ṣe ń dìde. Ọ̀gá Etí fi ọ̀pá kan ẹ́ńjìnnì, ó dijú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló ń wí?"

"Ó ń kọrin ni, Bàbá."

Bàbá Èló-ni ṣírò. Nínú ogún ohun tó lè bàjẹ́ lára ọkọ̀ yìí ní ọdún márùn-ún sí i, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wà nínú yàrá rẹ̀. Àwọn tó kù, ọwọ́ wọ ibẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ríra àlòkù, kò sí ẹni tí àtúnṣe tíì dẹrùn fún tó báyìí rí. Oníṣègùn eyín ní kí wọ́n gbé e lọ han ìyàwó kí wọ́n tó sanwó, ó ní ọkọ̀ tí ìyàwó ò bá rí, wọ́n á dá a padà ni.

Tíṣà ti wọṣọ sílẹ̀. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kun ìpéǹpéjú, ó jókòó sórí àga ilé ìdáná tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lórí itan. Ìgbà tó rí ọkọ̀ tó yí kọ́nà, tó rí ojú méjì tó ti ń wò ó nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún mọ́kànlá, ó sọ fún ọkọ̀ náà pé, "Ṣé ìwọ lo ni wọ́n?"

Bàbá Èló-ni ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni ń ṣí i fún ọba. Tíṣà fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀. Ó wo àga inú ọkọ̀ náà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, kò ga ju ojúgun lọ.

Ó kẹ́yìn sí i, ó fẹ́ jókòó. Orúnkún kọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, ọ̀tún dúró síta gbọnrangandan bí ẹni tí kò gbọ́ ìpè. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó fi orí gbá òrùlé. Ọ̀gá Etí bẹ̀rẹ̀ sí wo sánmà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kan ń dún lókè lọ́hùn-ún. Tíṣà tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin, ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ rẹ̀ wọ́. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé orí ọkọ̀, ó ń mí.

"Ó rẹwà," ló ní. "Ó rẹwà ju bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ lọ."

"Jẹ́ ká rọra tún un ṣe. N ó di ẹsẹ̀ yẹn mú..."

"Rárá. Ẹ má dì í mú." Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Takisí yẹn ò rùn."

"Takisí wo?"

"Èyí tí mo ní ó ń rùn. Mo fipá wọ̀ ọ́ ni, n ò wá lè jáde. Àwọn mẹ́rin ló fà mí síta bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ó ń wí pé, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ rọra, Àǹtí.' Mo ń wo okùn bàtà ẹ̀, ó ti tú. N ò lè bẹ̀rẹ̀ so ó fún un."

Ọ̀gá Etí rìn kúrò nítòsí, ó lọ ń fetí sí ògiri.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Bàbá Èló-ni béèrè.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fi ń ra ọkọ̀ yìí lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní gbogbo Sátidé ni mò ń nu pọ́ọ̀mpù. Ta ló fẹ́ kọjú sí pọ́ọ̀mpù kó sọ fún un pé orúnkún ò gbà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un ní kókó ọkàn. Ó mọ ohun tó kọ́kọ́ máa ń kú lára gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n rọ lókè òkun. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, kò bi í rí pé báwo ló ṣe máa ń jókòó. Ó gbé ọkọ̀ oníṣègùn eyín padà fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Títí tí wọ́n fi dé ibẹ̀, òun àti Ọ̀gá Etí ò sọ ju "yà sọ́tùn-ún" lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó jí, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó kúnlẹ̀ síwájú àga onípákó. Ó mú igi ìgbálẹ̀ kan tí orí rẹ̀ ti jẹ, ó fi ọ̀bẹ fàlà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kan fún ibi tí ìdí Tíṣà máa ń dé bó bá jókòó. Ìkejì fún bí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣe máa ń nà jìnnà tó. Tíṣà ń wò ó látẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ fẹ́ fi àga mi ṣe?"

"N ó wá ọkọ̀ tó jọ ọ́."

Àwọn tó ń ta àlòkù ọkọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ìgbàkígbà tó bá fẹsẹ̀ kan ọgbà wọn, ara wọn máa ń bù máṣọ, torí ó lè fi gbólóhùn kan bu ìdajì kúrò nínú iye ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n rí ìran. Bàbá Èló-ni kò ṣí ẹ́ńjìnnì kankan. Kò béèrè owó. Á kàn ṣí ilẹ̀kùn àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, á na igi sí àga, á mi orí, á pa á dé. Ní ọgbà kìíní wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ní ìkẹta wọ́n ti ń sọ pé pósí ló fẹ́ kàn.

"Bàbá, kí gan-an lẹ ń wọ̀n?"

"Orúnkún."

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rìn, ó wọn ọkọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ọkọ̀ olówó ńlá wà nínú wọn, tó jẹ́ pé àga rẹ̀ rọ̀ bí ìpara, àmọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, lẹ́yìn ọgbà kan, nídìí ògiri tí ẹnì kan ò dé mọ́, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé òdòdó fún àwọn oníbàárà nígbà kan. Ó rí gbágungbàgun bí àpótí ìwé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oògùn ikọ́. Òdòdó tí wọ́n yà sí i lára ti bó, ó ku ewé. Bàbá Èló-ni ṣí ilẹ̀kùn, ó na igi. Ìlà àkọ́kọ́ bá àga mu. Ìlà kejì bá ibi ẹsẹ̀ mu, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Ìgbà náà ló tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Ó sì fẹ́ sunkún.

Kò sí ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ ju èyí lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Má rà á." Bẹ́líìtì rẹ̀ ò ṣeé pààrọ̀ àyàfi tí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Pọ́ọ̀mpù rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ń bẹ lẹ́yìn irin kan, irin náà sì ní ìdè méje tó máa ń dípẹtà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ẹ̀yà rẹ̀ wọlé, onítọ̀hún sì ti fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé mẹ́ta, ó fẹ́ kọ́ ìkẹrin. Nínú ìbéèrè mẹ́ta tí Bàbá Èló-ni ń kọ́ aráyé, ọkọ̀ yìí fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó pe Ọ̀gá Etí. Ọ̀gá Etí dé, ó fi ọ̀pá kan ẹ́ńjìnnì náà, ó sì tètè yọ ọ́ kúrò létí.

"Bàbá, eléyìí ò kọrin o. Ẹjọ́ ló ń rò."

"Mo mọ̀."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi pé ẹni tó bá ra irú ẹ̀, kó ra bẹ́ẹ̀dì sọ́gbà mẹkáníìkì?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ wá rí lára ẹ̀?"

Bàbá Èló-ni tún na igi ìgbálẹ̀ sórí àga náà, ó fi ìlà hàn án. Ọ̀gá Etí wo ìlà, ó wo igi, ó wo ojú bàbá. Ó fa imú.

"Ó dáa," ló ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ lára àpótí yìí kọ́ ló máa pa yín, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Èmi náà ń fẹ́ olójú ọ̀pọ̀lọ́ yẹn láti ìgbà tó ti kọrin sí mi létí. N ó rà á. Ẹ kó ohun tó wà nínú yàrá yín fún mi, kí n fún yín lọ́wọ́ mi fún ọdún márùn-ún. Ẹ máa ra irin, n ó máa tú u. Iṣẹ́ ọwọ́ ò ní í ná yín ní nǹkan kan."

Bàbá Èló-ni wòkè, ó ṣírò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà," ló ní. Kò lè ṣàì nájà.

"Ọdún márùn-ún àti ààbọ̀."

Ọ̀gá Etí ló wá kó àwọn ẹrù náà. Wọ́n fa ṣọ́ọ̀kì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì mì bí ẹni tí wọ́n yọ eegun rẹ̀. Wọ́n gbé kílọ́ọ̀ṣì kúrò nídìí àga. Ìgbà tí wọ́n yọ iná iwájú kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Tíṣà fọwọ́ pa wọ́n lójú. Ó ní, "Ẹ máa wẹ̀ wọ́n o. Wọ́n ti mọ́ra." Àmọ́ ìgbà tí mẹkáníìkì na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, obìnrin náà fi ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Pọ́ọ̀mpù yẹn, ẹ fi í síbẹ̀."

"Màmá, ó wà nínú àdéhùn."

"Ó wà nínú ẹbí."

Ọ̀gá Etí wo Bàbá Èló-ni. Bàbá Èló-ni ń wo ilẹ̀. Mẹkáníìkì ní ó dáa, ọdún márùn-ún péré, ààbọ̀ ti lọ fún pọ́ọ̀mpù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jáde. Bàbá Èló-ni ṣí ilẹ̀kùn, ó sì sún sẹ́yìn bí Tíṣà ṣe pàṣẹ fún un. Tíṣà kẹ́yìn sí àga ọkọ̀. Ó jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó na án síwájú. Kò gba àkókò tó èèyàn fi ń sín. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, gbàmù. Ó gbé báàgì lé itan, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́.

"Mò ń wo àtàrí àwọn èèyàn," ló ní. "N ò mọ̀ pé orí ọ̀gá ilé ìwé wa ti pá."

Wọ́n rìn. Ọkọ̀ náà ń wúkọ́ ní gbogbo òkè, ó ń kẹ́dùn ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òórùn òdòdó gbígbẹ ń jáde lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n rìn dé àárín ọ̀nà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí dún lábẹ́ wọn: kín-ín, kín-ín, kín-ín.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Irin kékeré kan ni."

"Èló ni?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ti ojúlówó, ó mọ ti ayédèrú, ó mọ ti àlòkù. Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé ọkọ̀ fúngbà díẹ̀, ó tún wo ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ohun tó dí i.

"N ò mọ̀," ló ní.

Tíṣà mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rọra gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tó fi di gíá mú. Bó bá fẹ́ yí gíá, wọ́n á jọ yí i.

Ẹ̀gbọ́n ti dúró sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Kì í rí ọ̀ọ́kán. Ó yí etí sí ọ̀nà ni. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rìn lọ bá a. Àtẹ̀gùn náà gbé ẹ̀gbọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò ò fi ní í bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń yí orí tirẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, ó ń wá a nínú ojú tíńtín tó kù fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Dákẹ́. Imú ni mo ṣì rí. Dúró." Ó tún yí orí. "Mo ti rí ojú kan. Ìkejì dà? Òun nìyí. Ta ló kun lẹ́ẹ̀dì burúkú yìí fún ẹ?"

"Èmi ni."

"Má sunkún. Wọ́n ní bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ ìran tèmi ò pọ̀ tó èyí tí omi máa gbà lọ." Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni ń ka lẹ́tà tí kò fẹ́ kó tètè tán. Ìgbà tó parí, ó tún padà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "O burẹ́wà ju bí mo ṣe rò lọ," ló ní, ohùn rẹ̀ ò sì dúró dáadáa mọ́. "O jọ Ìyá wa."

Bàbá Èló-ni ti lọ ṣí ẹ́ńjìnnì. Ó tẹrí bọ inú rẹ̀, ó ń nu irin kan tí kò dọ̀tí, ó ń jẹ́ kí wọ́n ráyè.

"Àpótí wo lẹ gbé dúró síbẹ̀ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n béèrè lẹ́yìn ìgbà pípẹ́.

"Ọkọ̀ wa ni."

"Ohun kan ṣoṣo tí mo rí láìwá a láti àárọ̀ nìyẹn." Ó di ọwọ́ Tíṣà mú. "Ṣé ó máa gbé ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ojú ẹ nìkan ni mo rí lónìí, ó ku bó o ṣe ń rìn."

"Ẹ bi ẹni tó ń wà á."

Àwọn méjèèjì kọjú sí i. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kí Bàbá Èló-ni ṣe onídùúró fún ọkọ̀ kankan. Ó wo bẹ́líìtì. Ó wo irin tó ń dún kín-ín. Ó pa ìdérí ẹ́ńjìnnì dé jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi há.

"Á wá," ló ní.